Màmá Fúnmiláyọ̀ Kútì, obìnrin tó fi ìwé lé àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́

Bí ẹ bá dárúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lọ́dọ̀ wa níbí, yálà ní Kétu ni o, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ sọ ni pé ìyá Fẹlá ni. Òótọ́ ni. Òun ló bí Fẹlá olórin tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á tún fi kún un pé òun ni ìyá arúgbó tí àwọn sójà jù sílẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó. Ìyẹn náà, òótọ́ ni. Àmọ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú fèrèsé yẹn, nígbà tí Fẹlá ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, obìnrin yìí ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ìyá ọlọ́jà jọ, wọ́n sì mú kí ọba ńlá kan dìde kúrò lórí ìtẹ́ láìyọ àdá, láìyin ìbọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe ilé ẹjọ́. Kíláàsì kékeré kan ni, níbi tí àwọn àgbàlagbà obìnrin ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900. Ìlú yẹn kò jìnnà sí wa, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ogun Dànhọ̀mẹ̀ tó fọ́ Kétu ní ọdún 1886, òun kan náà ló ti kọ́kọ́ lọ dojú kọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ayé ogun àti ayé ìkónilẹ́rú ni gbogbo wa ti jáde wá. Ìyá àgbà tó bí bàbá-bàbá Fúnmiláyọ̀, Sarah Táíwò ni orúkọ rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Sàró ni ó bá ara rẹ̀ lẹ́yìn-ò-rẹyìn, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú àwọn tí wọ́n gbà nínú ọkọ̀ ẹrú sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti wá ọ̀nà padà sí ilé. Ẹ ronú sí i: ẹni tí wọ́n ti tà, tí ó tún padà wá bá ilé rẹ̀. Mélòó ló rí bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó ti Sàró bọ̀ kó nǹkan méjì bọ̀: ìsìn Kírísítẹ́nì àti ìwé. Nǹkan méjì yìí sọ wọ́n di ẹni pàtàkì ní Abẹ́òkúta, àwọn ni olùkọ́, àwọn ni àlùfáà, àwọn ni akọ̀wé. Ó tún sọ wọ́n di ẹni ọ̀tọ̀ díẹ̀, kí a má parọ́. Wọ́n ń wọ aṣọ òyìnbó, wọ́n ń jẹ́ orúkọ òyìnbó, ẹlòmíràn nínú wọn sì ń fi ojú kéré ẹni tí kò mọ̀wé. Inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ ti dàgbà. Daniel Thomas ni bàbá rẹ̀, ó ń ṣe òwò epo àti èkùrọ́, ó sì ń dáko. Lucretia ni ìyá rẹ̀, aránṣọ ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà ní ilé ìjọsìn ni Frances Abigail.

Nígbà náà, ọmọkùnrin nìkan ni ilé-ìwé gíga Abẹ́òkúta, ìyẹn Abeokuta Grammar School, máa ń gbà. Ní ọdún 1914 wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin, Fúnmiláyọ̀ sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Lónìí ojú wa ti mọ́ ọn kí ọmọbìnrin gbé báàgì kọ́ èjìká lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, a ò ka nǹkan kan sí. Lọ́dún yẹn, ohun tí àwọn ará ilé ń bi ara wọn ni pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe, ṣebí ilé ọkọ náà ni yóò lọ. Àwọn òbí rẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1919 wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi fún un, ó di ìlú òyìnbó, ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Wincham Hall, ní agbègbè Cheshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ orin níbẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó kọ́ bí a ṣe ń dúró sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, ó tilẹ̀ kọ́ èdè Faransé, èdè tí àwa pẹ̀lú ń bá yí nílé-ìwé tiwa.

Ọdún mẹ́ta ló lò. Nígbà tí ó ń padà bọ̀ ní ọdún 1922, ó ti pa Frances àti Abigail tì. Fúnmiláyọ̀ ni kí gbogbo èèyàn máa pe òun. Èèyàn máa ń lọ sí ìlú òyìnbó kó lè di òyìnbó. Ti obìnrin yìí yàtọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí bí wọ́n ṣe ń wo aláwọ̀ dúdú, ibẹ̀ ló sì ti padà di ọmọ Yorùbá.

Ó di olùkọ́ ní ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1925, ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó tún jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé gíga ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá ọkọ rẹ̀ náà, Josiah Ransome-Kútì, gbajúmọ̀ ni: àlùfáà olórin ni, ó sì gba ohùn orin ìsìn Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Ẹni tó bá ń wá ibi tí orin Fẹlá ti ṣẹ̀ wá kò ní láti rìn jìnnà. Ìjẹ̀bú-Òde ni tọkọtaya náà gbé títí di ọdún 1932, kí wọ́n tó padà sí Abẹ́òkúta, níbi tí ọkọ ti di ọ̀gá ilé-ìwé gíga tí àwọn méjèèjì ti kàwé. Ọkọ yìí náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Kì í ṣe ọkọ tó ń sọ pé kí ìyàwó òun jókòó sílé. Nígbà tí ìyàwó ń kó obìnrin jọ, òun ń kó olùkọ́ jọ.

Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n tọ́ dàgbà. Dolupo ni obìnrin kan ṣoṣo, ọdún 1926 ni wọ́n bí i. Olíkóyè tẹ̀ lé e ní ìparí ọdún 1927, Fẹlá dé ní ọdún 1938, Beko sì ni àbígbẹ̀yìn ní ọdún 1940. Ilé náà kì í ṣe ilé ìkẹ́ra o. Ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n ń gbé, ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n, pàṣán kò sì jìnnà sí wọn. Fẹlá fúnra rẹ̀ ròyìn bí ìyá náà ṣe máa ń nà án, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ìyá yìí bí ẹni pé rírẹ̀rín ló ń rẹ́rìn-ín ṣá kò tíì mọ̀ ọ́n. Ìyá líle ni. Ó tún jẹ́ ìyá tó kọ́kọ́ gbọ́n sí ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré: láti àwọn ọdún 1920 ló ti dá kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n tún kà á mọ́ àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò fúnra wọn ní ilẹ̀ náà. Ẹ fojú inú wò ó bó ṣe di ọwọ́ ọkọ̀ mú ní ìgboro Abẹ́òkúta, tí àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e.

Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin ni. Àwọn aya àlùfáà, àwọn olùkọ́ obìnrin, àwọn ọmọ Sàró bíi tirẹ̀. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń tọ́ ilé. Kò sí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n lè ṣe é fún ogún ọdún kí ohunkóhun má yí padà ní ìlú.

Ohun tó yí i padà kéré gan-an. Ní ọdún bíi mélòó kan sínú ogun Hitler, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un nípa ìyá ọlọ́jà kan tó fẹ́ mọ̀wé kà. Ìyá yẹn kò béèrè owó, kò béèrè aṣọ, ó kàn fẹ́ kà. Fúnmiláyọ̀ gbà. Nígbà tó máa fi di ọdún 1944, àwọn ọlọ́jà ti ń wá sínú ẹgbẹ́ náà, kíláàsì sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta àdìrẹ, àwọn tó ń ta ìrẹsì, àwọn tó ń ta gàrí, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ ọjà mọ́. Àwọn ìyáàfin tó mọ̀wé ló ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọdé ilé náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Wole Ṣóyínká, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel, ọmọ kékeré ni nígbà náà, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ìbátan ọkọ Fúnmiláyọ̀. Ó wà níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ nínú ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí nìyí. Àwa máa ń rò pé nínú kíláàsì, ẹni tó mọ̀wé ló ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní kíláàsì yẹn ọ̀nà méjì ni ẹ̀kọ́ gbà. Àwọn ọlọ́jà ń kọ́ kíkà àti kíkọ, àwọn ìyáàfin sì ń gbọ́ ohun tí wọn kò gbọ́ rí: bí àwọn akódà ṣe ń gba ìrẹsì lórí wọn lójú ọ̀nà, tí wọ́n á san owó tí kò tó nǹkan fún un tàbí kí wọ́n má san rárá, nítorí pé ìjọba ń kó oúnjẹ jọ fún ogun, bí wọ́n ṣe ń bu owó orí lé obìnrin bó ṣe wù wọ́n, bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé láti wá àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì san. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti di ẹni tó ń san owó orí, nígbà tí wọn ò tíì béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń tú aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wò ó bóyá ó ti tó ọjọ́ orí. Láti ìgbà náà ni Fúnmiláyọ̀ ti ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò tí obìnrin wà ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wo àwọn tó ń fi ṣúgà mu tíì láàárọ̀. Ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó ń ro oko láti ìdájí di àṣálẹ́, ni kí ó wò.

Ó sì ṣe ohun tó jọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó bọ́ gáùn òyìnbó sílẹ̀. Ìró, bùbá, gèlè ni ó ń wọ̀ láti ìgbà náà, kí aya àlùfáà má bàa yàtọ̀ sí ọlọ́jà nígbà tí wọ́n bá jókòó pọ̀. Ní ìpàdé, Yorùbá ló ń sọ, bí àwọn aláṣẹ òyìnbó tilẹ̀ wà níjòókòó. Òyìnbó tó bá fẹ́ gbọ́ kí ó wá ògbufọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó kàwé ní Cheshire o! Ní ọdún 1946, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Wọ́n ti lé ìyáàfin kúrò nínú orúkọ náà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni wọ́n kọ́kọ́ borí, ní ọdún 1945, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sínú ìwé ìròyìn ní Èkó tí ojú ti àwọn aláṣẹ. Ọ̀rọ̀ owó orí ló le. Àwa tí Faransé jọba lé lórí mọ ohun tí owó orí jẹ́. Àwọn ará Àjàṣẹ́ dìde sí i ní ọdún 1923, àwọn obìnrin ọjà Lomé sì dìde sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1933. Ní Abẹ́òkúta, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ọwọ́ ara wọn gba owó náà, ọwọ́ ọba ni wọ́n fi ń gbà á. Wọ́n fún Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ní agbára tí Aláké kankan kò ní rí láyé àwọn baba ńlá, agbára tó ga ju ti àwọn ìgbìmọ̀ ìlú lọ. Ohun tí èmi rò ni pé ọba náà pẹ̀lú wà nínú okùn. Ẹni tó gbé e sí ibi gíga yẹn ló ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń tú aṣọ ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà kò ní àyè láti máa ro ti okùn ọba.

Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ọba, wọ́n kọ sí aláṣẹ òyìnbó, wọ́n kọ sí ìwé ìròyìn. Wọ́n gba akọ̀wé owó kan sí iṣẹ́ láti yẹ ìṣirò owó ìlú wò. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn obìnrin tí kò mọ nọ́ńbà kà lánàá ń béèrè ibi tí owó wọlé àti ibi tó bá jáde. Wọ́n ní bí àwọn bá fẹ́ san owó orí, kí àwọn náà ní ẹni tó ń ṣojú fún àwọn níbi tí wọ́n ti ń ná an. Nígbà tí kò sí ìdáhùn, wọ́n dìde.

Ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ fún ìwọ́de. Fúnmiláyọ̀ ní kò sí wàhálà, àwọn ò lọ fún ìwọ́de, àríyá ni àwọn ń lọ. Àríyá náà pọ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá obìnrin tó dó sí iwájú ààfin tọ̀sán-tòru. Wọ́n ń kọrin, àwọn orin èébú tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n kọ, tí kò ṣeé kọ sílẹ̀ sí ojú ìwé yìí nítorí àwọn ọmọdé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n tún padà. Ó ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe máa fi aṣọ bo ojú àti imú nítorí tajútajú, àti bí wọ́n ṣe lè gbé agolo rẹ̀ jù padà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ní aláṣẹ òyìnbó kan pariwo mọ́ ọn pé kó mú àwọn obìnrin rẹ̀ dákẹ́, ni ó bá bi ọkùnrin náà bóyá bí ó ṣe máa ń bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n tún ní nígbà tí wọ́n gbé Orò jáde láti fi dẹ́rù ba àwọn obìnrin kí wọ́n lè sá wọlé, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ àwọn tó gbé e, ó sì gbé e lọ sí ilé. Ẹ̀yin tó mọ ohun tí Orò jẹ́ fún obìnrin ní ilẹ̀ wa, ẹ̀yin náà lẹ mọ ìwọ̀n ohun tí mo ń sọ. Àwọn kan títí dòní kò dárí ìyẹn jì í.

Ní ọdún 1948, ìjọba dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Ní oṣù keje ọdún kan náà, Aláké fi Abẹ́òkúta sílẹ̀, ó gba ìlú Òṣogbo lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, ó kọ̀wé pé òun ti kúrò lórí oyè. Àwọn obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú, Fúnmiláyọ̀ wà lára wọn. Kí ìtàn pé, ọba náà padà wá sórí ìtẹ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún 1950, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi wàjà ní ọdún 1962.

Nígbà tí ogun owó orí yìí ń gbóná lọ́wọ́, ìyá yìí ti wà lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1947, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán èèyàn méje lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tako òfin ìjọba tuntun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Nàìjíríà. Azikiwe ló ṣáájú wọn. Ọkùnrin mẹ́fà, obìnrin kan, òun sì ni obìnrin náà. Àwọn aláṣẹ kò fún wọn ní ohun tí wọ́n wá gbà. Òun kò jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì: ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé obìnrin ilẹ̀ wa ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní agbára tirẹ̀, ó ní ohùn nílùú kí òyìnbó tó dé, ìjọba òyìnbó ló gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn aláṣẹ nínú, ní Lọ́ńdọ̀nù àti nílé. A lè bá a jiyàn pé gbogbo nǹkan kò dára tó bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Àmọ́ ẹni tó mọ ìtàn Ìyálóde àti àwọn ìyá ọjà wa mọ̀ pé irọ́ kọ́ ló pa.

Lẹ́yìn náà ni ìrìn-àjò wá di ti gbogbo ìgbà. Ní ọdún 1949 ó ti sọ ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta di ti gbogbo Nàìjíríà, ó sì ń rìn láti ìlú dé ìlú. Ó lọ sí Rọ́ṣíà, ó lọ sí Họ́ngárì, ó lọ sí Ṣáínà níbi tó ti rí Mao Zedong. Ó jẹ́ igbákejì ààrẹ fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbáyé kan tí àwọn Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kà sí ti kọ́múnístì. Ìró àti bùbá náà ni gbogbo ibi tó lọ. Ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe, wọ́n ní ó fẹ́ lọ kó ẹ̀kọ́ kọ́múnístì wá fún àwọn obìnrin. Amẹ́ríkà náà kọ̀ láti fún un ní físà. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe kọ́múnístì. Kò sá fún àwọn tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun nìyẹn. Ẹ wo bó ti rí: àwọn tó gbé ìwé wá fún wa ló tún wá ń bẹ̀rù obìnrin tó ka ìwé jù.

Nínú òṣèlú kò rọ́wọ́ mú, a kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ó du ipò ní ọdún 1951, ó pàdánù. Ní ọdún 1959 ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fà á kalẹ̀, ó dá dúró, ó tún pàdánù, wọ́n sì lé e jáde. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi kú. Ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin tó bá a wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù di ẹni ńlá lẹ́yìn òmìnira. Òun, wọ́n fún un ní oyè ọlá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1968, Rọ́ṣíà sì fún un ní ẹ̀bùn Lenin fún àlàáfíà ní ọdún 1970. Ìbò àwọn obìnrin Àríwá Nàìjíríà, tó ti ń béèrè fún láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ọdún 1976 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ọkọ rẹ̀ kú ní oṣù kẹrin ọdún 1955. Ó di opó ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, àwọn ọmọ sì ti ń tú ká sẹ́nu iṣẹ́: Dolupo di nọ́ọ̀sì, Olíkóyè àti Beko di dókítà. Wọ́n rán Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí òun náà lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ni ó bá lọ kọ́ orin. Ìyá náà fara mọ́ ọn. Nígbà tí Fẹlá yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀ tó fi Aníkúlápó sí i, ìyá tẹ̀ lé ọmọ, òun náà di Aníkúlápó-Kútì. Ẹni tó sọ Frances nù ní ọmọ ọdún méjìlélógún tún sọ orúkọ òyìnbó kan nù ní ẹni tó lé ní àádọ́rin ọdún.

Ilé Fẹlá ní Èkó, èyí tó pè ní Kalakuta, ni ó wà ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan sójà ló ya bo ilé náà. Wọ́n lu àwọn èèyàn, wọ́n ba àwọn obìnrin jẹ́, wọ́n dáná sun ilé. Wọ́n gbé ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin jù sísàlẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Ìyá náà kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978, ó dágbére fáyé. Ilé ni wọ́n gbé e padà sí, ní Abẹ́òkúta, inú ibojì kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́jà ní ìlú ti ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ àwọn tó dó sí iwájú ààfin ni wọ́n tàbí ọmọ-ọmọ wọn, kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún wọn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiwọn, ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀, Fẹlá àti àwọn ará ilé rẹ̀ gbé pósí lọ sí ẹnu ọ̀nà bárékè Dodan níbi tí olórí ìjọba ń gbé, wọ́n gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ náà kọ orin.

Olíkóyè di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti ọdún 1985. Beko lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìjà ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, ìjọba ológun sì tì í mọ́lé léraléra. Ìwé tí ìyá wọn kó jọ, àwọn lẹ́tà rẹ̀ àti àwọn ìwé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, wà ní ibi ìkówèésí Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn onímọ̀ tó wá kọ ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni wọ́n lọ kà á. Ẹni tó bá ń ti Ìmẹ̀kọ tàbí Kétu lọ sí Ìbàdàn lè béèrè ọ̀nà yunifásítì náà lọ́wọ́ awakọ̀.